Òtútù Ò Mọ Fáàrí: Aṣọ Irun Àgùntàn Kì Í Ṣe Aṣọ Arúgbó

Bí ẹ ṣe dúró síwájú pátákó yìí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ká ọwọ́ sáyà, tí ètè yín sì ti ń bó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á díẹ̀ kí ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni, ọ̀rọ̀ ọdẹ ni, ó sì kù díẹ̀ kó di ọ̀rọ̀ ẹkún nílé wa.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ní kíláàsì wa, a ti sọ òwe yìí di òfin. Ẹni tó bá wọ swẹ́tà tó nípọn, tó tóbi, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti ń ṣí, a ó ti fún un lórúkọ kó tó jókòó. Ní ọyẹ́ èṣí, ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì wa wọ irú swẹ́tà bẹ́ẹ̀ wá, èyí tí ìyá rẹ̀ rà lọ́jà òkìríká. "Bàbá Ọdẹ" la ń pè é títí ọyẹ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀. Mo ní "la ń pè é" o, mi ò ní "ni wọ́n ń pè é". Èmi gan-an wà níbẹ̀, ohùn mi ló tiẹ̀ ròkè jù.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé orúkọ tí a fi ń bú u yẹn, oríyìn ló yẹ kó jẹ́. Ọdẹ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ òtútù, aṣọ irun àgùntàn ló ń wọ̀ lọ sínú igbó. Kì í ṣe pé kò rí aṣọ tó dán. Ó mọ ohun tó ń ṣe ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi náà ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń kàwé ní yunifásítì ní Skọ́tlándì. (Ẹ má bínú pé mi ò fi "wọ́n" pe ẹ̀gbọ́n mi nínú ìtàn yìí. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀ ni.) Ní oṣù kẹjọ, kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù, ó sì ya fọ́tò swẹ́tà irun àgùntàn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ, wọ́n sì ti lẹ ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé kí n rà á?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo dá a lóhùn pé, "Bọ̀dá mi, aṣọ arúgbó nìyẹn o! Ẹ ra jákẹ́ẹ̀tì gidi." Ó gbọ́ tèmi. Ó fi swẹ́tà yẹn sílẹ̀, ó ra jákẹ́ẹ̀tì ọ̀rá kan tó fẹ́lẹ́, tó ń dán. Gbogbo wa la yìn ín.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ó rí iṣẹ́ òòjọ́ kan. Ní ìgbèríko ibẹ̀, láti oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, àwọn èèyàn máa ń dẹ ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní pheasant. Mọ̀lẹ́bí àparò tiwa ni, àmọ́ ó tóbi jù ú lọ, ìrù rẹ̀ sì gùn. Àwọn oníbọn á dúró sójú kan. Àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ á tò lọ gbọọrọ, wọ́n á máa fi igi lu koríko àti igbó bí wọ́n ṣe ń bọ̀, kí ẹyẹ lè fò lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbọn. Wọ́n ń sanwó ọjọ́ kan fún un, torí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi bá wọn lọ. Bàbá àgbà wa ní Ṣakí, ọdẹ ni wọ́n, òun náà sì ti tẹ̀ lé wọn lọ sóko ọdẹ rí. Ó rò pé kò sí ohun tí igbó fẹ́ fi han òun mọ́.

Ó wọ tí-ṣọ́ọ̀tì òwú, ó wọ húùdì òwú lé e, ó wọ ṣòkòtò jíìnsì, ó wá fi jákẹ́ẹ̀tì dídán yẹn parí ẹ̀. Jíìnsì náà, òwú ni o, bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ̀. Yìnyín ò sí nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òjò wínníwínní ló ń rọ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Kí wọ́n tó rìn jìnnà, koríko tútù ti rẹ jíìnsì rẹ̀ dé itan. Wọ́n ń gun òkè, òógùn bò ó lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì ọ̀rá tí kò jẹ́ kí ara rẹ̀ mí, gbogbo òwú abẹ́ rẹ̀ sì rin gbingbin. Nígbà tí wọ́n wá dúró lọ́sàn-án kí àwọn oníbọn lè pààrọ̀ àyè, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọmọ adúláwọ̀ ò lè fara da òtútù.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìka rẹ̀ ò lè di bọ́tìnnì mọ́. Ahọ́n rẹ̀ wúwo, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mutí yó. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tó sọ fún wa ni pé nígbà tó yá, gbígbọ̀n yẹn dáwọ́ dúró. Ó rò pé òtútù náà ti mọ́ òun lára ni. Oorun ń kùn ún, ó sì ń wá igi tí òun máa jókòó tì.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń da ajá ló rí i. Bàbá náà ò bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Wọ́n mú un lọ sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n bọ́ gbogbo aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, wọ́n wọ swẹ́tà irun àgùntàn tiwọn sí i lọ́rùn, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, wọ́n fún un ní tíì gbígbóná tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní ìgbóná ara rẹ̀ ti wálẹ̀ kọjá ìwọ̀n Celsius 35. Àwọn tó ń ṣe Báọ́lójì mọ̀ pé 37 ló yẹ kó wà. Bó bá ti wálẹ̀ kọjá 35, ewu ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́ gbígbọ̀n níbi tó ṣì tutù, kì í ṣe pé ara rẹ̀ ti yá. Agbára tí ara rẹ̀ fi ń gbọ̀n ló ń tán lọ.

Nígbà tó gbádùn, ó ya fọ́tò swẹ́tà bàbá yẹn ránṣẹ́ sí wa. Àwọ̀ ewé gbígbẹ. Wọ́n ti lẹ ìgúnpá rẹ̀. Kì í ṣe èyí tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lóṣù kẹjọ o, àmọ́ tí ẹ bá gbé méjèèjì síwájú mi, mi ò lè mọ èwo ni èwo. Màmá wa sunkún. Èmi jáde lọ sẹ́yìnkùlé, mi ò sì lè sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kó má ra tiẹ̀.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń kàwé nípa ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì ń da àwọn olùkọ́ wa láàmú. Ohun tí mo rí nìyí.

Aṣọ kì í dá ooru. Ara wa ló ń dá ooru, aṣọ kàn ń bá wa dá a dúró ni. Ohun tó sì ń dá a dúró gan-an ni afẹ́fẹ́ tó há sáàárín fọ́nrán aṣọ náà, torí afẹ́fẹ́ kì í tètè gbé ooru lọ. Omi ní tiẹ̀ ń gbé ooru lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju ti afẹ́fẹ́ lọ. Bí òwú bá wá mu omi, á rọ̀ wọ̀ọ̀, á lẹ̀ mọ́ ara, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á lọ, omi á sì gba ipò rẹ̀. Ẹni tó wọ òwú tútù nínú atẹ́gùn, omi ló wọ̀.

Irun àgùntàn yàtọ̀. Fọ́nrán rẹ̀ ká kòlòkòlò bíi sípíríìngì, torí náà kì í tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ara. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bó tiẹ̀ tutù. Ìta fọ́nrán náà ń lé ẹ̀kán omi dànù, àmọ́ inú rẹ̀ ń fa oruku omi, ìyẹn òógùn tó ń gbẹ kúrò lára. Ó lè fa èyí tó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó mọ̀ ọ́n ní tútù. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé bó ṣe ń fa omi yẹn, ó ń tú ooru díẹ̀ jáde. Ọdẹ ló nílò irú aṣọ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, torí iṣẹ́ ọdẹ kì í ṣe iṣẹ́ ìrìn nìkan, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó nìkan. Á rìn títí á làágùn, á wá lúgọ sójú kan fún wákàtí méjì láìmira. Òógùn ìrìn yẹn ló ń dá òtútù sí i lára nígbà tó bá lúgọ.

Nígbà tí mo ka gbogbo èyí fún bàbá àgbà lórí fóònù, mo rò pé ẹnu á yà wọ́n. Wọn ò tiẹ̀ dá sí ti ooru. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n bi mí. "Ṣé aṣọ náà ń pariwo? Ṣé ó ń gbòórùn pamọ́? Bí ìṣáná bá ta sí i ńkọ́?" Kí ẹ wá gbọ́ o! Àwọn ìbéèrè mẹ́ta yìí gan-an làwọn ọdẹ òkè òkun ń bèèrè. Irun àgùntàn ò pariwo. Jákẹ́ẹ̀tì ọ̀rá á máa dún ṣàràṣàrà bí ẹ̀ka igi bá ha á, àgbọ̀nrín á sì ti gbọ́, á ti lọ. Irun àgùntàn kì í tètè rùn fún òógùn bíi tàwọn aṣọ ọ̀rá, ẹran sì rèé, imú rẹ̀ mú ju ojú rẹ̀ lọ. Bí iná bá ta sí i, kì í yọ́ mọ́ ara bíi ti ọ̀rá. Á jó díẹ̀, á sì fẹ́ kú fúnra rẹ̀. Bàbá àgbà ní, "Ọdẹ ló ṣe aṣọ yẹn." Mo ní, "Bàbá, àgùntàn ló ṣe é." A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kíní nìyẹn tí ẹ̀rín dé ilé wa láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀.

Ní Skọ́tlándì, aṣọ irun àgùntàn tí wọ́n ń pè ní tweed laṣọ ọdẹ. Láti nǹkan bí ọdún 1840 síwájú, àwọn onílẹ̀ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí wọ́n hun tweed tó bá àwọ̀ òkè àti koríko ilẹ̀ wọn mu, kí àwọn ọdẹ wọn lè dà bí òkè náà lójú ẹran. Prince Albert, ọkọ Queen Victoria, ṣe ti Balmoral, ó sì ní àwọ̀ eérú bí òkúta ibẹ̀. Lọ́dún 1993, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin lórí èyí tó ń jẹ́ Harris Tweed. Òfin náà ní àwọn ará erékùṣù Outer Hebrides ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ hun ún nínú ilé wọn níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ìsẹ́yìn, ṣé ẹ ò rántí òfì? Ní Ọ́stríà, àwọn ọdẹ orí òkè ní tiwọn tó ń jẹ́ loden, irun àgùntàn tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n gún mọ́ra títí tí atẹ́gùn ò fi fẹ́ rí ọ̀nà gbà kọjá. Ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Woolrich ṣe aṣọ irun àgùntàn láti ọdún 1830 títí di ọdún 2018. Ṣé gbogbo àwọn wọ̀nyí ni ò mọ ohun tó dára?

Ẹnì kan á ní, "Kí ló dé tí àwọn ọdẹ tiwa ò wọ̀ ọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Àkọ́kọ́, ẹ wo àgùntàn tó ń jẹ koríko lẹ́yìn kíláàsì wa. Irun rẹ̀ kúrú, ó lẹ̀ mọ́ ara bíi ti ewúrẹ́. Kò sí ohun tí èèyàn lè rẹ́ níbẹ̀ tó máa fi rànwú. Ìkejì, òtútù tiwa yàtọ̀ sí tiwọn. Ọyẹ́ ń gbẹni lára ni, kì í rẹ aṣọ. Kíjìpá òwú tó nípọn, tí wọ́n fi rán gbérí ọdẹ, tó bàbá àgbà fún òru ọyẹ́ ní Ṣakí, ó sì ti tó wọn láti kékeré. Mi ò wá sọ fún wọn pé kí wọ́n bọ́ ọ o. Àmọ́ bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì. Àṣìṣe ẹ̀gbọ́n mi ni pé ó gbé ọgbọ́n aṣọ Ṣakí lọ sínú òjò Skọ́tlándì. Àṣìṣe tèmi burú jù ú lọ, torí èmi ò tiẹ̀ ro ti òtútù rárá. Fọ́tò ni mò ń rò.

Mo mọ̀ pé irun àgùntàn ní àbùkù tiẹ̀. Ó wọ́n bó bá jẹ́ tuntun. Èyí tí kò kúnná máa ń yún èèyàn lára. Bó bá rin gbingbin tán, ó wúwo, kì í sì í tètè gbẹ. Tí ẹ bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, á sún kì bí aṣọ ọmọ ọwọ́. Kòkòrò ajẹṣọ sì fẹ́ràn rẹ̀. Olùkọ́ kan tiẹ̀ sọ fún mi pé àwọn aṣọ ìgbàlódé kan wà tí wọ́n fi pọ́lísítà ṣe, tó fúyẹ́, tó sì ń yára gbẹ ju irun àgùntàn lọ. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ọdẹ ló sì ń wọ̀ ọ́. Mi ò bá wọn jà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ yan aṣọ òtútù bèèrè ohun tí aṣọ náà ń ṣe bó bá tutù, kó tó bèèrè bó ṣe rí nínú fọ́tò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó aṣọ olówó ńlá, swẹ́tà irun àgùntàn láti ṣọ́ọ̀bù àlòkù lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Kó wọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ara, kó wọ èyí tó nípọn lé e, kó wá fi ohun tí atẹ́gùn àti òjò ò lè wọ̀ bò ó. Kó bọ́ ọ̀kan bó bá ń gun òkè kó má baà làágùn jù, kó dá a padà bó bá dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "Kí ló kàn wá ní Skọ́tlándì?", ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ẹ bi kíláàsì SS3 léèrè níbi tí wọ́n fẹ́ lọ tí wọ́n bá jáde. Ìdajì á ní Kánádà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A ń kọ́ èdè wọn, a ń kọ́ ìtàn wọn, kò sẹ́ni tó ń kọ́ wa ní aṣọ wọn. Bí ẹ bá sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá lọ́hùn-ún, ẹ pè wọ́n lónìí. Ẹ ní kí wọ́n má wọ jíìnsì lọ sínú igbó tútù.

Lọ́jà òkìríká ńkọ́? Báwo lẹ ṣe máa mọ ojúlówó? Ẹ wo àkọlé inú ọrùn aṣọ náà. Bí wọ́n bá kọ wool síbẹ̀ tó tó ìdá tó pọ̀, ó dáa. Bí àkọlé ti já, ẹ fa fọ́nrán kan yọ, kí àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, ẹ ṣáná sí i níta. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jó, eérú rẹ̀ á sì rún sọ́wọ́. Ọ̀rá á yọ́, á sì di kóró líle. Ọ̀gá Kẹ́mísírì wa ti ní a lè ṣe é ní yàrá ìdánwò, ẹ lọ bá wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Ọ̀pọ̀ wa tí kì í gbé inú ọgbà ló ń gun ọ̀kadà wá síléèwé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ nínú ọyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí swẹ́tà tó nípọn má di ẹ̀ṣẹ̀ nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ ò bá ti ilé ìwé mu rẹ́gí.

Ní ti ọmọkùnrin tí a sọ ní Bàbá Ọdẹ, mo ti lọ bá a ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n mi fún un. Ó ní kò sí wàhálà, ó kàn bi mí pé ṣé ara ẹ̀gbọ́n mi ti yá. Mo ní ó ti yá. A jọ wo inú ọrùn swẹ́tà rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: 100% wool.



Láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ SS2, ọmọ Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn